Oúnjẹ Inú Ọkọ̀ Mukhtar

Gbogbo ìyàwó apẹja tó wà ládùúgbò wọn l'Óṣogbo ló mọ̀ pé bí ènìyàn bá fẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ lójú omi láìbàjẹ́, ọ̀dọ̀ Àpìkẹ́ ni kó lọ. Mukhtar ọkọ rẹ̀ máa ń dẹ àwọ̀n sórí omi dáàmù kan lápá Ìjẹ̀ṣà. Ibẹ̀ jìn sílé, nítorí náà bó bá ti lọ, inú ọkọ̀ onípákó kékeré rẹ̀ ni yóò ti máa jẹ, ibẹ̀ ni yóò ti máa sùn, títí ẹja yóò fi pọ̀ tó èyí tó ṣeé gbé wá sọ́jà. Kò sí firíìjì, kò sí yìnyín. Oòrùn á máa ta lù ú látòkè, omi á tún máa da ooru náà padà sí i lójú. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, kò sí ìgbà tí Mukhtar kì í gbé inú rírun bọ̀ wálé. Àpìkẹ́ ló fi ọgbọ́n orí lé àìsàn yẹn lọ.

Ata tí Àpìkẹ́ bá fi sọ́kọ̀ kì í ní omi nínú. Yóò dín in nínú epo pupa títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ tán, tí epo yóò sì bò ó lórí. Yóò wá bù ú sínú ìkòkò amọ̀ kékeré, yóò kìlọ̀ pé ṣíbí tó bá lómi lára ò gbọdọ̀ débẹ̀. Yóò yan ẹja títí yóò fi le bí igi, bébà ni yóò sì fi wé e, torí pé àpò ọ̀rá máa ń mú kí nǹkan làágùn. Inú omi tútù ni ẹ̀kọ máa ń wà, Mukhtar á sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀ láràárọ̀. Àlùbọ́sà á wà nínú àwọ̀n gbígbó tí wọ́n fi kọ́ abẹ́ tapólì. Bí ọbẹ̀ bá wà, wọ́n á gbé e kaná lórí àdògán inú ọkọ̀ láàárọ̀, wọ́n á gbé e kaná lálẹ́, wọ́n á jẹ́ kó tutù pátápátá kí wọ́n tó dé e, wọ́n á wá fi àpò kòkó tí wọ́n ti rì sómi bo ìkòkò náà kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Bí Àpìkẹ́ bá sì wà nítòsí, Mukhtar kì í fẹnu kan oúnjẹ àná láìbi í.

"Ìyá Bushrah, ṣé kò tíì kan?"

Àpìkẹ́ á gbé imú sí i, á ní ó dára, tàbí á ní kí ó dà á nù. Ó tán.

Bushrah ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ó sì ti lọ sílé ọkọ n'Ílọrin. Ó wá ku Àpìkẹ́ nìkan sílé. Ẹran tó bá wọlé, inú ọkọ̀ ló ń lọ. Ẹyin tó bá wọlé, inú ọkọ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ á fi gààrí nu ìdí agbada tó fi dín ata, á mu omi lé e. Kò ka èyí sí ìyà. Nígbà tó ṣe, oúnjẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tètè tán. Mukhtar ní iṣẹ́ ló ń pọ̀ sí i. Àpìkẹ́ fi kún un. Mukhtar tún dé lọ́jọ́ kan, ó ní ìkòkò amọ̀ kan já sómi. Àpìkẹ́ ra òmíràn.

Ọ̀sẹ̀ kan wà tí Àmínù, tí òun àti Mukhtar jọ máa ń lọ, ń sìnkú ìyá rẹ̀, ó sì bọ́ sígbà tí èjìká ọ̀tún ń dun Mukhtar.

"Màá bá yín lọ," Àpìkẹ́ ní. Bàbá tó bí i ṣiṣẹ́ omi, ó sì ti mọ àjẹ̀ dì mú láti kékeré.

"Ojú omi kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbé ìyàwó lọ."

"Èjìká yín ńkọ́? Ta ni yóò bá yín fa àwọ̀n?"

Mukhtar jiyàn títí, ó sú u. Ó gbà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn mọ́ Àpìkẹ́. Ó rí ibi tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí jẹ oúnjẹ tí òun ń dì fún un, ó rí ìṣó tí àlùbọ́sà rẹ̀ ń kọ́ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀, ojú ọ̀run dúdú, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi jó. Abúlé kan wà lọ́ọ̀ọ́kán, èéfín iná ìdáná wọn ń rú lọ́wọ́ọ̀wọ́.

"Jẹ́ ká sá sáàárín àwọn kùkùté igi," Mukhtar ní.

"Kùkùté igi kẹ̀? Ẹ ò rí abúlé ni?"

"Àwọn ará ibẹ̀ ò dáa."

Omi dà sínú ọkọ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Àpìkẹ́ ò tún bi í mọ́. Ó yí ọkọ̀, ó kọjú rẹ̀ sí abúlé náà, ó sì wà á dé èbúté.

Kí wọ́n tó so ọkọ̀ tán, obìnrin kan ti sáré sọ̀ kalẹ̀ nínú òjò, ó fi àwo rọ́bà borí. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ojú rẹ̀ mọ́ rekete, oyún inú rẹ̀ sì ti ga. Mukhtar ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kíákíá, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè nǹkan kan.

"Ọmọ́tárá, ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Àǹtí Àpìkẹ́ tí mo máa ń sọ fún ẹ."

Ọmọ́tárá kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù pẹ̀lú oyún náà. Ohùn Ìjẹ̀ṣà wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì dùn ún gbọ́. "Áà, àǹtí! Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú oúnjẹ wa! Nígbà tí oyún yìí ò jẹ́ kí n rí nǹkan jẹ, ata yín nìkan ló ń dúró nínú mi. Mo ní lọ́jọ́ tí mo bá fojú kàn yín, màá dọ̀bálẹ̀ ni."

Àpìkẹ́ wo Mukhtar. Mukhtar ń wo ìdí ọkọ̀.

Ó yẹ kí Àpìkẹ́ sọ ọ́ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn: èmi ni ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ara rẹ̀, ìró rẹ̀ tí omi ẹja ti bà jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ tí epo gbígbóná ti jó lápàá níbi púpọ̀; ó tún wo ọmọ tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ojú tì í. Kò mọ ìdí tó fi jẹ́ pé òun ni ojú ń tì.

"Dìde," ó ní. "Ilẹ̀ tutù. Oyún ò fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Báyìí ni Àpìkẹ́ ṣe di ẹ̀gbọ́n ọkọ. Wọ́n fún un ní àga tó dára jù, wọ́n gbé omi gbígbóná fún un. Lórí pẹpẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó rí ìkòkò amọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ní ó já sómi. Iyọ̀ ni Ọmọ́tárá ń kó sí i. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sùn, wọ́n tẹ́ ẹní fún un ní pálọ̀, Mukhtar sì wọ yàrá lọ bá aya rẹ̀.

Láàárọ̀, Ọmọ́tárá ti se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó kó ẹja tútù kún inú rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ti ń bọ́ wa láti ọjọ́ yìí, àǹtí. Ẹ jẹ́ kí èmi náà bọ́ yín." Bí ọbẹ̀ náà ṣe ń hó ló dà á sínú kúlà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ìdérí rẹ̀ pa. Àpìkẹ́ ṣí ẹnu láti sọ fún un pé wọn kì í dé ọbẹ̀ gbígbóná báyẹn bó bá ń lọ ojú omi. Ó pa ẹnu dé.

Wọ́n ti rìn jìnnà kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n yín?"

Mukhtar ń tú àwọ̀n. "Àwọn ará ilé Ọmọ́tárá ò fẹ́ fi í fún ẹni tó ti níyàwó nílé. Mo fẹ́ sọ fún ẹ. Mò ń wá àyè ni."

"Ẹ̀sìn wa ò sọ pé kí ẹ má fẹ́ ẹ. Bí ẹ bá sọ fún mi, màá sunkún, màá jà, yóò sì tán. Ṣùgbọ́n ẹ sọ mí di ẹ̀gbọ́n."

"Kí ni ẹ̀gbọ́n ṣe? Ṣé ìránṣẹ́ ni mo pè ọ́? Ṣé o ò rí bó ṣe ń bọlá fún ọ ni?"

"Oúnjẹ tí mò ń febi pa ara mi dì fún ọ," Àpìkẹ́ ní, kò sì mọ ìgbà tí 'ẹ' bọ́ lẹ́nu rẹ̀, "òun lo fi ń bọ́ obìnrin."

Mukhtar gbé ojú sókè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, Àpìkẹ́ kò pè é ní 'o' rí.

"Ó lóyún," ó ní. "Ebi ń pa á."

Òótọ́ ni, Àpìkẹ́ sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó gbé àjẹ̀, ó ń wà lọ. Ilẹ̀ ṣú. Ata àti ẹja gbígbẹ ni wọ́n jẹ, kálukú ní ìdí tirẹ̀ nínú ọkọ̀. Kúlà náà wà lórí pákó láàárín wọn. Inú oòrùn ló wà látàárọ̀ títí dalẹ́, kò sí ẹni tó fi àpò bò ó, kò sí ẹni tó gbé ọbẹ̀ náà kaná.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n fa àwọ̀n tán, Mukhtar fa kúlà náà mọ́ra, ó ṣí i. Ó dúró. Ó wo inú rẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó wá nà án sí Àpìkẹ́ bó ṣe máa ń nà án.

"Ìyá Bushrah, ṣé kò tíì kan?"

Àpìkẹ́ tẹ̀ síwájú. Ọbẹ̀ náà ti kan. Ìfófòó funfun wà létí rẹ̀, òórùn kíkan rẹ̀ sì ti wọnú ẹja lọ. Ó gbé ojú sókè, ó rí Mukhtar tó di ìdérí mú, tó ń retí èsì, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn.

"Ó dára," Àpìkẹ́ ní.

Mukhtar fi ẹ̀kọ jẹ ẹ́, ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó fi ìka nu kúlà náà. Àpìkẹ́ rẹ gààrí.

Kí oòrùn tó yí, inú ti di Mukhtar mú. Ó kọ́kọ́ ní kò le. Nígbà tó ṣe, kò lè jókòó mọ́. Ó ń bì, ó ń ṣu, ojú rẹ̀ wọnú, ètè rẹ̀ gbẹ. Àpìkẹ́ da gbogbo ẹja tí wọ́n pa sómi kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ń wà, ó ń sunkún. "Bàbá Bushrah, ẹ má sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn o. Ẹ dá mi lóhùn." Ọwọ́ rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ àjẹ̀. Zulkifli, apẹja kan tó lẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ló rí wọn lókèèrè. Ó so ọkọ̀ wọn mọ́ tirẹ̀, ó fà wọ́n dé èbúté, ó sì gbé wọn dé ọsibítù kan n'Íléṣà.

Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tí aláìsàn jẹ. Mukhtar la ẹnu pẹ̀lú ìṣòro.

"Ọbẹ̀ tí ìyàwó mi sè."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Àpìkẹ́. Zulkifli náà yíjú sí i. Mukhtar kò parọ́, kò sì tún sọ nǹkan mìíràn. Ó kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ kejì ni ìyá Mukhtar dé láti Òṣogbo. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀. "Kí lo fún ọmọ mi jẹ? Gbogbo ayé ń yìn ọ́ nítorí oúnjẹ, ọmọ tèmi lo wá fi dánra wò!" Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Ọmọ́tárá wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n. Zulkifli ló ti ròyìn dé abúlé pé ọbẹ̀ ló ṣe Mukhtar. Ó rí Mukhtar lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì wólẹ̀ síwájú Àpìkẹ́.

"Àǹtí, ẹ dárí jì mí! Ọbẹ̀ mi ni! Èmi ni mo fẹ́ẹ̀ pa àbúrò yín!"

"Àbúrò ta ni?" ìyá Mukhtar béèrè.

Mukhtar di ojú rẹ̀. Ìyá náà wo Àpìkẹ́, ó wo Ọmọ́tárá, ó wo oyún. Díẹ̀díẹ̀ ló yé e. Ó yé Ọmọ́tárá náà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Àpìkẹ́ rò pé nísinsìnyí ni ìyá náà yóò yíjú sí ọmọ rẹ̀, tí yóò bi í léèrè ohun tó ṣe. Ìyá náà gbé Ọmọ́tárá dìde, ó mú un jókòó sórí àga, ó fi ìborùn ara rẹ̀ nu ojú rẹ̀.

"Má sunkún mọ́. Ọmọdé ni ẹ́, o ò mọ̀." Ó wá kọjú sí Àpìkẹ́. "Ìwọ ńkọ́? Ìwọ lo wà níbẹ̀ nígbà tó ṣí i."

"Èmi ni, Màmá."

"O ò gbóòórùn rẹ̀?"

"Mo gbóòórùn rẹ̀. Ó bi mí bóyá ó ti kan. Mo ní ó dára."

Mukhtar la ojú, ó wo Àpìkẹ́. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ìyàlẹ́nu ló wà níbẹ̀, bíi ti ẹni tí ilé rẹ̀ wó lù lójú oorun. Àpìkẹ́ dúró, ó retí pé yóò sọ tirẹ̀. Kò sọ ọ́.

Ara Mukhtar yá. Ó kó lọ sí abúlé Ọmọ́tárá, kò sì padà sí Òṣogbo mọ́ àfi bó bá fẹ́ kí ìyá rẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ kó ẹrù Àpìkẹ́ lọ sí agboolé bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gba ìgboro: Àpìkẹ́ fún ọkọ rẹ̀ lóúnjẹ búburú jẹ. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di ẹ̀gbọ́n kò bá ọ̀rọ̀ náà rìn. Kò sẹ́ni tó ń sọ ìyẹn. Àwọn ìyàwó apẹja tó máa ń wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń dín ata ń gba ọ̀nà mìíràn kọjá.

Bushrah wá láti Ìlọrin. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn.

"Màmi, ẹ ò bá ti sọ pé ẹ ò mọ̀. Wọn ì bá gbà yín gbọ́."

"Mo mọ̀ pé wọn ì bá gbà mí gbọ́."

"Kí ló wá dé?"

Àpìkẹ́ ń wo ọmọ náà, ó ń wo bí ojú rẹ̀ ṣe jọ ti bàbá rẹ̀. Ó bi í nípa àwọn ọmọ rẹ̀, bóyá àbígbẹ̀yìn ti ń sọ̀rọ̀. Bushrah ní ó ti ń pe orúkọ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni wọ́n sọ títí ó fi tó àkókò tí Bushrah yóò lọ wọkọ̀ Ìlọrin, Àpìkẹ́ sì sìn ín dé títì.