Ọpẹ́ Tí A Ti Dá Sílẹ̀

Kí dókítà tó sọ pé jẹjẹrẹ ni, ọkọ mi, Bámigbóyè, tí gbogbo Èrìò mọ̀ sí Tíṣà, ti dúpẹ́ tán. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà tí ìtọ̀ ń há a, ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ pròsítéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nídìí àpò ìtọ̀. Nọ́ńbà tó jáde kéré. Wọ́n ní bó bá ti kéré, kò séwu. Tíṣà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. La bá fa àgbò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jó dé iwájú pẹpẹ, ó sì jẹ́rìí pé òun ti bọ́. Gbogbo ìjọ ló jẹ ẹran yẹn.

Àmọ́ ẹ̀yìn kò yéé dùn ún, ó sì ń rù. Ní ọsibítù Adó, wọ́n gé ẹran bíńtín lára pròsítéètì rẹ̀ yẹ̀ wò. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, irú èyí tó ṣọ̀wọ́n, tó ń yára tàn, tí kì í sábà gbé nọ́ńbà yẹn sókè. Ó ti dé eegun ẹ̀yìn. Ó ní òògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan lè dá a dúró fúngbà díẹ̀, bí a bá padà wá gbà á lọ́jọ́ Ajé.

"Ṣé nọ́ńbà kékeré ló wá burú ni?"

"Rárá, mà. Ó dáa fún ọ̀pọ̀ èèyàn."

Kò yé mi. Báwo ni ohun tó dáa fún ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe wá tàn wá jẹ?

Nígbà tá a délé, Tíṣà ní òun ò lọ mọ́.

"Ìyá Rótìmí, mo ti dúpẹ́. Ṣé kí n wá ní kí Ọlọ́run dá àgbò mi padà ni?"

Inú bí mi. "Ṣé Ọlọ́run lẹ̀ ń rò, àbí àwọn tó jẹ ẹran?"

Ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà ẹ̀rí, mo dìde.

"Jẹjẹrẹ ṣì wà lára ọkọ mi. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni kò rí i. Ẹ má bi mí, kò yé èmi náà. Ẹ ṣáà bá wa gbàdúrà."

Kò sẹ́ni tó kígbe Halelúyà. Tíṣà di àga mú, ó dìde. Mo rò pé yóò bá mi wí lójú ìjọ ni.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ló sọ.

Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Nígbà tó jókòó, ó rọra bi mí pé aago mélòó ni mọ́tò Adó ń gbéra lọ́la.