Òkúta Orí Ìgò Ata

Ọkọ mi ti fi òkúta mi dá ilẹ̀kùn dúró.

Mo rí i bí mo ṣe wọ ilé ìdáná láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu, atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé, òkúta náà sì jókòó sí ìdí rẹ̀ nínú aṣọ funfun tí mo fi wé e, aṣọ tó ti di dúdú. Lórí tábìlì, ata ti léfòó sókè nínú ìgò, ohun funfun kan sì ti hù lójú omi bí òwú.

"Ẹ̀yin baálé ilé yìí," mo ní, "kí ni òkúta yìí fi ṣe yín?"

"Ilẹ̀kùn ló ń gbá gbàgà-gbàgà," ó dáhùn, ó ń fọ eyín rẹ̀ lọ. "Òkúta sì ni òkúta. Àbí ti orí ìgò ní orúkọ ni?"

Mo da gbogbo ata náà nù. Ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́kún.

Kì í ṣe ata gan-an ló ń dùn mí. Màmá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí àìsàn ti dá a wó, kò jẹun mọ́. Àìsàn náà ti lọ, àmọ́ ó kó adùn ẹnu rẹ̀ lọ. A se ìrẹsì, ó ní ó ń rùn. A se ọbẹ̀ ẹja, ó tọ́ ọ wò, ó ti abọ́ sẹ́yìn. Òrùka ọwọ́ rẹ̀ ti ń yọ bọ́ fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó kò sì fi ọ̀rọ̀ bọpo-bọyọ̀ rárá: bí Màmá kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, wọ́n á dá a padà sí ọsibítù, wọ́n á máa fi rọ́bà bọ́ ọ. Ohun kan ṣoṣo tí Màmá ní ọkàn òun ń fà sí ni ata inú omi iyọ̀, irú èyí tí òun fúnra rẹ̀ máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré.

Ọkọ mi ra ti inú ìgò wá láti ṣọ́ọ̀bù. Màmá fi ahọ́n kàn án.

"Ọtí kíkan lẹ bù fún mi yìí," ó ní, ó sì nu ẹnu rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà kò le, bí àwọn ará ilé bá lè fi í sílẹ̀. Wàá la ata sí méjì, wàá tò ó sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò pẹ̀lú ááyù àti kárọ́ọ̀tì. Wàá máa yọ́ iyọ̀ sínú omi títí ẹyin tútù tí o bá gbé sínú rẹ̀ kò fi ní rì mọ́, wàá wá da omi náà lé ata lórí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, omi á ṣú, á máa hó wínní-wínní láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, ata á sì máa kan díẹ̀díẹ̀. Mo lè jókòó tì í kí n máa wò ó bí àwọn kan ṣe ń wo bọ́ọ̀lù. Gbogbo àṣírí rẹ̀ ni pé kí ata wà lábẹ́ omi. Èyí tó wà lábẹ́ omi á kan, á sì pẹ́. Èyí tó yọrí síta á jẹrà, á sì ran àwọn yòókù. Ata kì í sì í fẹ́ wà lábẹ́ omi. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé àwo pẹrẹsẹ kékeré lé e, tí a sì ń gbé òkúta lé àwo.

Mo fọ òkúta náà, mo sè é, mo fi aṣọ tuntun wé e, mo ta aṣọ ní kókó, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ìgò kejì, àbúrò mi ọkùnrin ló pa á. Kò-ní-burú là ń pè é, torí kò sí ohun tí ẹ lè sọ tí kò ní fi ìyẹn dá yín lóhùn. Ó wá kí Màmá, ó rí i pé omi inú ìgò ti fà, ó bu omi ẹ̀rọ kún un dé ẹnu.

"Omi lásán?" mo béèrè.

"Omi tó mọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kò ní burú."

"Iyọ̀ ló ń ṣọ́ ibẹ̀! O lé ọlọ́dẹ lọ, o wá ṣílẹ̀kùn fún olè!"

"Ẹ sáà bu iyọ̀ díẹ̀ sí i."

Ìgbálẹ̀ ni mo fi lé e jáde. Mo bu iyọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, ata ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ó ń rùn.

"Ṣé òun náà ti lọ?" Màmá béèrè láti orí àga rẹ̀, bí ẹni ń béèrè aláìsàn.

Ìgò kẹta, mo gbé e lọ sí yàrá tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Iṣẹ́ aránṣọ ni Màmá ṣe kó tó darúgbó. Ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń bàjẹ́ lójoojúmọ́ ni mo tú tí mo tún tò, tí mo tún tú, títí mo fi mọ iṣẹ́ náà láìní ọ̀gá. Mo gbé ìgò sórí pẹpẹ, mo sì kéde pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi àti onítọ̀hún ni.

Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kan, òkúta ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tún un gbé sípò. Lọ́jọ́ kejì, omi ti kán sórí pẹpẹ. Ata sì ń dínkù.

"Èmi kọ́ o!" ọkọ mi pariwo kí n tó lanu. "Mo ti wá igi tí mo fi ń dá ilẹ̀kùn dúró!"

"Búrẹ́dì tí mo rà lánàá ńkọ́? Òun náà dà?"

"Ẹ̀ẹ́! Búrẹ́dì náà ti di ọ̀ràn sí mi lọ́rùn? Èmi tí mo ń wa ọkọ̀ kiri látàárọ̀?"

Mo pe Kò-ní-burú lórí fóònù.

"Ṣé o tún wá síbí?"

"Lẹ́yìn ìgbálẹ̀ yẹn? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí."

Mo padà sí yàrá iṣẹ́, inú ń bí mi débi pé mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí. Mo gbé òkúta náà kí n lè tún un fọ̀. Ìgbà yẹn ni mo wo kókó ara aṣọ rẹ̀. Kókó tí èmi máa ń ta, kókó ràgàjì ni. Èyí kéré, ó le pinpin, wọ́n sì ti tẹ etí aṣọ bọ abẹ́ rẹ̀ kó má baà tú. Kókó ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ta òwú nídìí aṣọ ni.

Mo lọ bá a ní yàrá. Ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, èérún búrẹ́dì wà lórí aṣọ ìbora rẹ̀, ètè rẹ̀ pupa.

"Màmá."

"Ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọwọ́ yín jáde lábẹ́ aṣọ."

Ó mú un jáde. Ààbọ̀ ata wà láàárín ìka rẹ̀, omi iyọ̀ ń kán tó-tó-tó.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹni tó bá ṣí ìgò kí ata tó kan ti bà á jẹ́! Ẹ tiẹ̀ gbá mi lọ́wọ́ torí ẹ̀!"

"Ọmọdé ni mo sọ ọ́ fún," ó ní, ó sì gé ata jẹ.

"Mo ti fẹ̀sùn kan gbogbo ilé yìí tán!"

"Èmi ò rán ẹ."

Mo fẹ́ tún pariwo. Àmọ́ ó bu búrẹ́dì, ó fi nu omi ata tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó tún bu òmíràn. Òrùka rẹ̀ kò yọ̀ kúrò lójú ibi tó wà. Mo jókòó sórí ibùsùn rẹ̀ pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ìbínú mi sí.

"Kò tíì kan dáadáa," mo ní.

"Mo mọ̀. Iyọ̀ rẹ̀ náà sì pọ̀." Ó na ìka sí òkúta. "Tó o bá máa ṣe òmíràn, wá èyí tó fúyẹ́. Ìyẹn ti fẹ́ yọ mí lápá."

Ọkọ mi yọjú láti ọ̀ọ̀dẹ̀. "Ṣé ẹ ti rí olè náà?"

"Ẹ lọ ra búrẹ́dì wá!" mo jágbe mọ́ ọn. "Kí ẹ sì ra méjì!"