Iye Owó Ọpọlọ Ẹ̀rọ

"Ẹ ṣì fi ọmọ ìyá mi síbi tí wọ́n ti ń di abọ́," ni Àrìnkẹ́ wí, bó ti ń bu ọbẹ̀ sí àwo ọkọ rẹ̀. "Kí ni Táíyé ṣe fún yín gan-an, Bàbá Bánkẹ́?"

Olúsànyà bu òkèlè, kò wò ó lójú. "Iṣẹ́ ni ó ní kí n bá a wá. Mo bá a wá a."

"Iṣẹ́ wo? Àwọn ọmọ ọlọ́mọ wà nídìí ẹ̀rọ tuntun, wọ́n ń gba ofatáìmù, fáànù ń fẹ́ sí wọn lára. Àna ọ̀gá wá jókòó sí sítọ̀, ó ń fi okùn di abọ́ bí ẹni tí kò lẹ́nìkan."

"Fi Táíyé sílẹ̀ níbi tó wà."

"Nítorí kí ni?"

"Mo ní kí o fi í sílẹ̀, Àrìnkẹ́."

Obìnrin náà gbé ìkòkò ọbẹ̀ padà sí ilé ìdáná, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó bá sì mọ Àrìnkẹ́ dáadáa á mọ̀ pé ìgbà tó bá dákẹ́ gan-an ló yẹ kéèyàn máa ṣọ́ ọ. Yàrá tí wọ́n ti ń jẹun yìí ṣì ń rùn fún ọ̀dà, torí kò tíì pẹ́ tí wọ́n kó wọ ilé tuntun náà ní Òkè-Afà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ó sì ga ju owó oṣù Olúsànyà lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè. Ọdún FESTAC là ń sọ yìí, nígbà tí owó epo ń ṣàn bí omi l'Ékòó, tó jẹ́ pé ẹni tó bá bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè ibi tó ti rówó, onílara ni wọ́n ń pe olúwa rẹ̀.

Olúsànyà ni ọ̀gá tó ń ra ẹrù fún ilé iṣẹ́ abọ́ ike kan ní Ìsọlọ̀. Nígbà tí àwọn onílé iṣẹ́ ní àwọn fẹ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé, òun ló bá wọn wá a. Ẹ̀rọ náà ní irin ńlá méjì tó ń pàdé ara wọn, tó ń tẹ ike gbígbóná di abọ́. Ilẹ̀kùn kan wà lẹ́nu rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣí i láti mú abọ́, àwọn irin yẹn kò gbọdọ̀ mira títí yóò fi tì í padà. Àpótí kan ló yẹ kó máa ṣọ́ èyí, òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ ìgbà tí yóò tẹ̀ àti ìgbà tí yóò dúró. Kọ̀ntírólà ni àwọn ẹnjiníà ń pè é. Àwọn òṣìṣẹ́ ní tiwọn ní ọpọlọ ẹ̀rọ ni. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ni wọ́n dá lé ọpọlọ yìí nìkan.

Babáfẹ́mi, agbaṣẹ́ṣe tí yóò gbé e wọ̀lú, ló ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, tó fa àga sún mọ́ Olúsànyà.

"Ẹ̀gbọ́n, ọpọlọ kékeré kan wà tí kò tó ìdajì owó yẹn. Gbogbo ohun tí ńlá ń ṣe lòun náà ń ṣe. Kò kàn lè ṣọ́ ilẹ̀kùn ni. A óò so wáyà kan mọ́ ọn, á máa rò pé ilẹ̀kùn wà ní títì ṣáá."

"Bí ẹnìkan bá wá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Ta ni orí ẹ̀ dàrú tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n?"

Owó ńlá ni wọ́n gbà, kékeré ni wọ́n rà, wọ́n pín ìyókù. Ibẹ̀ ni ilé Òkè-Afà ti wá, ibẹ̀ náà ni Píjò tuntun Babáfẹ́mi ti wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, àwọn onílé iṣẹ́ rí iná tó ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára àpótí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi rí i pé ẹ̀rọ kì í dúró bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Wọn kò kà á sí ibi. Wọ́n ní ẹ̀rọ òyìnbó yára ni. Bí wọ́n ṣe fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu nìyẹn, tí wọ́n ń fi orin díwọ̀n ìgbà tí irin máa pàdé. Bí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ bá lé orin, á ti ọwọ́ bọ inú, á fa abọ́ yọ; kí ó tó parí ẹsẹ orin, ọwọ́ ti jáde, irin á sì pàdé. Abọ́ ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, àwọn onílé iṣẹ́ sì ń yin Olúsànyà. Òun alára rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó gbọ́ orin náà, kò sì lè ní kí wọ́n tì í, torí wọn á fẹ́ mọ ìdí. Ẹ̀rù sì ń bà á. Bó bá ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà kọjá, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì a ti wọ àpò ṣòkòtò kó tó mọ̀.

Ìbẹ̀rù yìí ló jẹ́ kó pe Ògúnjìmí, fóòmàn wọn, sí kọ̀rọ̀. "Má fi àna mi yẹn sídìí ẹ̀rọ tuntun o. Mi ò fẹ́." Ògúnjìmí rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, Olúsànyà sọ̀kalẹ̀ láti ọ́fíìsì wá sí gbọ̀ngàn iṣẹ́. Orin ló kọ́kọ́ gbọ́. Ohùn náà kì í ṣe àjèjì sí i, torí inú balùwẹ̀ ilé rẹ̀ ló ti máa ń gbọ́ ọ láràárọ̀. Ó gbójú sókè. Táíyé ló wà nídìí ẹ̀rọ, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tuntun lọ́rùn, ọwọ́ ń wọlé, ọwọ́ ń jáde, inú ọmọ náà sì ń dùn.

 Olúsànyà fẹ́ sáré, àmọ́ bí ọ̀gá bá ń sáré láàárín gbọ̀ngàn, wọn á béèrè ohun tó ń lé e. Ó fẹ́ pariwo, kò rí ohun tí yóò pariwo rẹ̀. Ó kàn ń rìn lọ síbẹ̀ ni, bí ẹni tí kò kánjú, òógùn bò ó.

Táíyé yíjú, ó rí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni. Kò lè máa kọrin lójú àgbà kó má kí i. Ó dá orin dúró, ó tẹrí ba.

"Ẹ káàsán, sà."

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀rọ.

Ní ọsibítù, dókítà ní kò sí ohun tí àwọn lè rán pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n gé e láti ọrùn ọwọ́. Táíyé sùn lọ lórí bẹ́ẹ̀dì nítorí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un. Àrìnkẹ́ jókòó tì í, ó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ ti há.

"Èmi ni mo fà á," ló ń wí. "Èmi ni mo gbé aṣọ gínnì lọ bá ìyàwó Ògúnjìmí ní Òṣòdì, pé kí wọ́n ṣe ojú àánú sí àbúrò mi. Èmi ni."

Ògúnjìmí di fìlà rẹ̀ mú níwájú wọn. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Mo rò pé ẹnu lásán lẹ fi sọ ọ́ ni, káwọn èèyàn má baà ní ẹ ń gbè sẹ́yìn àna yín. Bí ọ̀gá bá ní ká má ṣe é, tí mádáàmù wá ní ká ṣe é, ti mádáàmù la máa ń mú. Bá a ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ nìyẹn."

Àrìnkẹ́ gbé orí sókè.

"Ẹ ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi í síbẹ̀?"

"Mo sọ ọ́," ni Olúsànyà dáhùn kíákíá. "Mo sọ ọ́ fún Ògúnjìmí, mo sọ ọ́ fún ìwọ náà."

"Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn máa gé èèyàn lọ́wọ́, nìyẹn."

Olúsànyà yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Bánkẹ́, ẹ̀yin lẹ rà á. Ẹ mọ̀, ẹ sì yọ Táíyé kúrò níbẹ̀. Ọmọ ta wá lẹ fi sílẹ̀ fún un?"

 Nọ́ọ̀sì kan gba àárín wọn kọjá, ó gbé àwo abẹ́rẹ́ dání. Ògúnjìmí wúkọ́, ó ṣe bí ẹni tí ojú ń tì.

"Ọ̀gá, wọ́n ti fọ ẹ̀rọ náà. Àwọn onílé iṣẹ́ ní kò gbọdọ̀ dúró, àwọn oníbàárà ń retí ẹrù. Wọ́n ní kí n bi yín: ta ni ká fi síbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la?"

Gbólóhùn kan péré ló kù kí Olúsànyà sọ. Bó bá ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, wọn á ṣí àpótí, wọn á rí wáyà, wọn á sì tọ wáyà náà dé Òkè-Afà. Ó mọ̀ pé ìyàwó òun ń wo òun.

"Fi Mùktárù síbẹ̀," ló wí, "ọmọ ìyá tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì. Ìyá ẹ̀ ti ń bẹ̀ mí tipẹ́."

Ògúnjìmí dúpẹ́, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì jáde.