Ọlọ́wọ́ Irin Ìlú Oǹdó

Fídíò náà kò gùn. Àbúrò màmá mi ọkùnrin, Akíntúndé, tí gbogbo wa ní Àkúrẹ́ ń pè ní Dádì Oǹdó, dúró níwájú pẹpẹ ìjọ wọn pẹ̀lú ìṣó ínǹṣì márùn-ún kan lọ́wọ́. Wọ́n ń bá àlùfáà sọ̀rọ̀. Láìdá ọ̀rọ̀ náà dúró, wọ́n tẹ ìṣó náà títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí rẹ̀, wọ́n fi há etí bíi pẹ́ńsùlù, gbogbo ìjọ sì pariwo. “Ọlọ́wọ́ Irin” ni ẹni tó fi ránṣẹ́ kọ sábẹ́ rẹ̀.

Mo wò ó tán, mo tún un wò. Kì í ṣe inú dídùn ló jẹ́ kí n tún un wò. Èmi náà máa ń tẹ ìṣó. Àwa ọ̀dọ́kùnrin mélòó kan máa ń pàdé lẹ́yìn ọ́fíìsì kan ní Alágbàká ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti lọ sílé. A ó wé aṣọ mọ́ ìṣó kí ó má baà gún wa lọ́wọ́, a ó gbé e sábẹ́ àgbọ̀n, a ó sì máa tì í títí ojú wa yóò fi pọ́n. Ẹni tó bá rí i tẹ̀ lónìí lè má rí i tẹ̀ lọ́la. Èmi ni wọ́n kà sí akọni láàrin wa, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sì tíì tẹ ìṣó ínǹṣì márùn-ún dópin. Lẹ́yìn rẹ̀, n kò lè mú ṣíbí dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan.

Dádì Oǹdó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Tíṣà jọ́gíráfì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ agbára tí mo mọ̀ mọ́ wọn ni kí wọ́n gbé máàpù ayé kọ́ ara ògiri.

Mo pè wọ́n lórí fóònù.

“Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, kí lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́?”

“Ọwọ́,” ni wọ́n wí.

“Láìwé aṣọ?”

“Aṣọ wo? Ṣé ìṣó ń ṣòjòjò ni, tí a ó fi daṣọ bò ó? Ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́, ẹ ti fi búrẹ́dì ba ara yín jẹ́.”

Èmi kì í lè jẹun bí àdììtú ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn bá ku ẹyọ kan tí n kò tíì rí. Mo rò ó pé bóyá iyán ni. Mo rò ó pé bóyá gbogbo ọdún tí wọ́n fi mú ṣọ́ọ̀kì ló mú ìka wọn le. Kò sí èyí tó jọ òótọ́. Nígbà tó di Sátidé, mo ra ìṣó ínǹṣì márùn-ún díẹ̀ ní Àkúrẹ́, mo kó wọn sínú àpò, mo sì wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó.

Wúràọlá, ọmọ wọn obìnrin, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ìṣó títẹ̀ wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó wà lórí fíríìjì.

“Rọra jókòó, Túnmiṣe,” ló wí. “Bàbá mi kì í bọ ènìyàn lọ́wọ́ mọ́. Wọ́n ní àwọn lè ṣèèṣì fọ́ ọ léegun.”

Òun ló sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi. Ìjọ wọn ń kọ́ gbọ̀ngàn tí àwọn ọmọdé yóò ti máa kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Lọ́jọ́ tí àwọn páálí ìṣó òrùlé dé, Dádì mú ẹyọ kan níbi tí wọ́n ti ń ṣàwàdà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọkùnrin yòókù gbìyànjú, tiwọn náà tẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ yá tó ti Dádì. Àlùfáà fi agbára ṣe kókó ìwàásù rẹ̀. Lọ́la, nínú ìsìn, wọn yóò fi Dádì jẹ Bàbá Ẹgbẹ́ Ọkùnrin, oyè tí wọ́n ti ń dù láti ìgbà tí Wúràọlá ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì, tí ẹlòmíràn sì máa ń gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn káfíńtà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kan òrùlé.

Dádì jáde wá, wọ́n ju ìṣó kan sí mi láti inú páálí tí wọ́n gbé wálé fún ìdánrawò. “Ẹ jẹ́ ká wo Àkúrẹ́.”

Mo wé aṣọ mọ́ ọn, mo gbé e sábẹ́ àgbọ̀n, mo mí kanlẹ̀, mo tì í. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara mi gba ara mi lẹ́nu, nítorí kò sí ohun tó dá mi dúró. Ìṣó ti tẹ̀.

Inú mi dùn gan-an. Mo tẹ èkejì. Mo ti ń ro irú fídíò tí n ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ará Alágbàká nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn. Wúràọlá ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó fi èjìká gbá fóònù mọ́ etí. Ó ti mú ìṣó kan nínú páálí náà láìronú, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ di ìkọ́.

Èmi àti Dádì ń wò ó. Òun náà wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Mo ń pè ọ́ padà,” ló wí sínú fóònù.

Mo yọ ìṣó Àkúrẹ́ kan jáde. Dádì gbà á, wọ́n tì í. Wọ́n yí ìdúró padà, wọ́n tún tì í. Iṣan ọrùn wọn yọ, awò ojú wọn já bọ́. Ìṣó náà gún gbọọrọ bó ṣe wà.

“Ìṣó tìẹ yìí le jù,” ni wọ́n wí.

“Dádì, bí ìṣó ṣe máa ń le nìyí.”

Wọ́n jókòó. Wọ́n wo àwọn ìṣó orí tẹlifíṣọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Irú èyí ni wọ́n fẹ́ fi kan òrùlé lé àwọn ọmọ lórí?”

“Irú rẹ̀ ni, Dádì.”

“Túnmiṣe, o ò bá ti jókòó sí Àkúrẹ́.”

Ìrọ̀lẹ́ yẹn, a lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Adébùsóyè, alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́, ẹni tó ra ìṣó náà. Kì í ṣe olè. Ó kàn fẹ́ràn ọjà ẹ̀dínwó ni, ó sì gbà pé Ọlọ́run ló ń dín in fún òun. Mo ṣàlàyé fún un pé irin ayédèrú ni, pé atẹ́gùn líle kan ṣoṣo lè gbé òrùlé náà lọ. Ó gbọ́ mi tán, ó kọjú sí Dádì.

“Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín yìí kàwé.”

“Ó kàwé.”

“Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ta ló tẹ ìṣó níwájú pẹpẹ?”

“Èmi ni.”

“Bí ìṣó kò bá lágbára, a jẹ́ pé ẹ̀yin náà kò lágbára. Bí ẹ̀yin kò bá sì lágbára, kí la fẹ́ torí ẹ̀ fi yín joyè lọ́la? A ti pe àwọn ènìyàn, mo sì ti ra fìlà.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ìṣó dára, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ kàn lágbára jù ú lọ.”

Dádì Oǹdó dúpẹ́ omi tí a mu. A padà sílé. Wọn kò fọwọ́ kan iyán.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n fi wọ́n joyè. Àlùfáà dé fìlà náà lé wọn lórí, ó sì ní kí wọ́n tẹ ìṣó kan fún ìyìn Ọlọ́run. Dádì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

“Ẹ̀yin ará, kì í ṣe agbára mi lẹ rí. Ìṣó yìí ni kò dára. Màmá Ìbídùnní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú.”

Màmá Ìbídùnní ló dàgbà jù nínú Ẹgbẹ́ Ìyá, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n gbé ọ̀pá ti àga, wọ́n gba ìṣó, wọ́n wò ó bí ẹni ń wo ẹja tó ti pẹ́ lórí àtẹ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́.

N kò tíì gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí. Àlùfáà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá,” ló wí. Ẹgbẹ́ Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ọ̀gbẹ́ni Adébùsóyè jó jù wọ́n lọ. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, “Ìrẹ̀lẹ̀ Bàbá yìí ló wú mi lórí. Pẹ̀lú gbogbo agbára yìí, wọ́n ní ìṣó ni kò dára.”

Dádì dúró gbagidi láàrin ijó náà. Wọ́n fọwọ́ kan fìlà orí wọn. Wọ́n wo àwọn ọmọdé tó ń fò sókè nínú àga iwájú. Wọ́n tún gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu.

“Bó bá jẹ́ pé agbára ni, ẹ jẹ́ ká lò ó. Ẹ gbé gbogbo páálí ìṣó wá. Ẹ má jẹ́ kí ẹyọ kan ṣẹ́kù.”

Wọ́n gbé wọn wá. Àwọn akọrin tẹ ìṣó. Àwọn tó ń gba ọrẹ tẹ ìṣó. Àwọn ọmọdé fi orúnkún tẹ tiwọn. Ìkọ́ irin ga níwájú pẹpẹ bí òkìtì. Ọ̀gbẹ́ni Adébùsóyè sáré wá, ó dì mọ́ páálí tó kẹ́yìn.

“Ẹ dúró ná, ẹ dúró ná, káfíńtà ń bọ̀ lọ́la.”

Àlùfáà, tí òógùn ti bò, na ìṣó kan sí i. “Alága, ẹ̀yin nìkan lẹ kò tíì tẹ̀.”

Gbogbo ìjọ yíjú sí i. Mo rí ìṣirò náà bó ṣe ń lọ lójú rẹ̀. Bí ó bá sọ pé ìṣó náà rọ̀, òun ló rà á. Bí ó bá díbọ́n pé kò tẹ̀, a jẹ́ pé Màmá Ìbídùnní lágbára jù ú lọ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ sì ń wò ó. Ó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí àwọn káfíńtà dé, wọ́n rí òkìtì ìkọ́, wọ́n sì jókòó. Ìjọ ní láti ra ìṣó mìíràn. Dádì ní àwọn fúnra àwọn ni yóò lọ yàn án, kò sì sí ẹni tó lè bá Ọlọ́wọ́ Irin jiyàn lórí ìṣó. Mo bá wọn lọ. Ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á mú ẹyọ kan, wọ́n á fi gbogbo ara tì í. Èyí tó bá ti kọ̀ fún wọn la rà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ìṣó tuntun síwájú ìjọ. Àwọn ọkùnrin tẹ̀ ẹ́ títí, kò tẹ̀. Màmá Ìbídùnní wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n padà sí àyè wọn. Ọ̀gbẹ́ni Adébùsóyè dìde.

“Ẹ jẹ́ kí Bàbá Ẹgbẹ́ Ọkùnrin gbìyànjú. Bí kò bá tẹ̀, ó yẹ kí a dá oyè dúró ná títí agbára yóò fi padà.”

Mo mọ̀ pé Dádì gbìyànjú tọkàntọkàn, nítorí mo rí i bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń gbọ̀n. Ìṣó náà kò mira. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e ka orí tábìlì, wọ́n sì fi ìṣó gbọọrọ náà lé alága lọ́wọ́.

“Èyí ni kí wọ́n fi kan òrùlé,” ni wọ́n wí.

Àlùfáà kéde ààwẹ̀ fún agbára ìjọ tó sọnù. Dádì Oǹdó ti padà sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wúràọlá. Dádì náà ṣe àmín.