Iyùn Tí Wọ́n Fẹ́ Sín Láàyè

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ sì jẹ́ kí ohùn yín lọ sílẹ̀. Ẹ óò mọ ìdí rẹ̀ bí mo bá rò ó tán. Mo lá àlá kan lóru àná, kò sì tíì kúrò lójú mi títí di ìsinsìnyí.

Gbogbo yín lẹ mọ àpótí gíláàsì tó wà ní pálọ̀ wa, èyí tí mo ń sin Iyùnadé sí. Kì í ṣe iyùn ọrùn. Iyùn alààyè ni, ẹ̀dá inú òkun ẹlẹ́nu púpọ̀ tó rọ̀ mọ́ òkúta, tí ìmọ́lẹ̀ jẹ́ oúnjẹ fún un. Láti ọjọ́ tí Bọ̀dá Fọlárìn ti so iná LED sókè àpótí náà ni àwọn tó mọ̀ àti àwọn tí kò mọ̀ ti ń sọ fún mi pé irú iná bẹ́ẹ̀ kò lè tó o, pé ebi ni yóò pa á. Ẹ̀rù yìí ni mo gbé sùn.

Nínú àlá náà, omi òkun ti kún pálọ̀ wa dé àjà, mo sì ń lọ aṣọ nínú rẹ̀. Àga ìrọ̀gbọ̀kú wa ló wúkọ́, ó ní wọ́n ń pè mí ní Ọ́fíìsì Ìmọ́lẹ̀, kí n má sì pẹ́, nítorí pé ọ́fíìsì náà ti ń ṣí lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àga. Mo gbé àpótí Iyùnadé rù, mo sì bọ́ síta.

Òótọ́ ni. Ọ́fíìsì náà léfòó lójú omi bí òṣíbàtà, ó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwọn akọ̀wé inú rẹ̀ sì di tábìlì mú. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn, wọ táì tó gùn dé orúnkún. Kò wo Iyùnadé rárá. Àtẹ́lẹwọ́ ló gbé lé iná náà, ó sì mi orí.

"Ó tutù," ni ó wí. "Iná tí kò lè jó ọwọ́ ọ̀gá, kí ni iyùn yóò rí jẹ níbẹ̀?"

Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀dá yìí yóò kú náà, kí wọ́n yára dá a lu, kí wọ́n sì sín in fún ọrùn ìyàwó òun kí àwọ̀ rẹ̀ tó ṣí. Obìnrin kan tilẹ̀ ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú.

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ṣé iyùn fẹ́ yáná ni? Níbi tó ti wá, omi ti gba ooru oòrùn tán kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù ló ń ṣẹ́kù fún un, òun náà sì ni iná yìí ń tàn. Bí ó bá ti lágbára, tí a sì so ó sí ibi tó yẹ, ó tó o."

Ó ní òye mi ti pọ̀ jù fún ẹni tí kò ní táì. Ó pàṣẹ kí wọ́n gbé gílóòbù àtijọ́ wá. Gílóòbù náà tóbi bí ìkòkò àsè, bí wọ́n sì ṣe tàn án ni omi òkun bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Àwọn ẹja béèrè lọ́wọ́ mi bóyá a ti lọ ata. Mo dá wọn lóhùn pé a kò tíì lọ̀ ọ́, wọ́n ní kò burú, àwọn yóò dúró. Ṣùgbọ́n Iyùnadé ti pa gbogbo ẹnu rẹ̀ dé. Ó ń funfun lọ bí ògì. Obìnrin náà ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ibẹ̀ ni dúrọ́ọ̀ tábìlì ọ̀gá ti ṣí, tí Màmá Àgbà wa tó ti kú sì jáde láti inú rẹ̀, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé. Iyùn ọrùn rẹ̀, èyí tó tóbi jù láàárín, ló la ẹnu.

"Èmi ni wọ́n sín, èmi ni kí ẹ bi," ni ó wí. "Níbi tí mo ti dàgbà, n kò mọ ohun tó ń jẹ́ iná tí ń jóni. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ rí bí omi aró, mo sì ń yó lójoojúmọ́. Ẹ pa ìkòkò yẹn."

Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn na ọwọ́ láti fi sọ pé irọ́ ni, pátákò ló nà jáde. Ó wò ó, ó ní kò sí nǹkan kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ táì rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo akọ̀wé ti di ewúrẹ́. Mo ṣì ń pè é ní ọ̀gá, nítorí pé wọn kò tíì yọ ọ́ níṣẹ́. Ó ké mẹ̀ẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé kí n lọ ṣe fọ́tòkọ́pì Màmá Àgbà wá.

Màmá Àgbà fi etí gèlè pa gílóòbù náà, èmi sì tan iná LED wa. Búlúù bo gbogbo ọ́fíìsì. Iyùnadé la ẹnu kan, ó la òmíràn, àwọ̀ rẹ̀ sì padà wá, ó pọ́n bí osùn.

"Ẹ bá mi dúpẹ́," ni ó wí, "lọ́wọ́ ẹni tó ń làágùn."

Mo wo gbogbo wa yíká. Inú omi ni a wà. Ta ni ì bá máa làágùn? Ìgbà náà ni mo jí.

Oòrùn ti yọ. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń jẹ páálí tí iná LED náà bá wá, ó fara balẹ̀ bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ti mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò, fáànù kankan kò yí. Síbẹ̀, búlúù ni pálọ̀ wa. Mo gbé ọwọ́ lé iná náà, kò jó mi. Iyùnadé ti la gbogbo ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ó pọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo tọ wáyà náà lọ títí mo fi dé ìdí bátìrì tí Bọ̀dá Fọlárìn fi ń lo fáànù rẹ̀; ó ti yọ fáànù kúrò níbẹ̀ kí iyùn lè rí ìmọ́lẹ̀ jẹ. Òun fúnra rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ti nà gbalaja sórí ẹní yìí, singilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì rin gbingbin.

Ìdí nìyí tí ẹ fi bá mi níbí pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀, tí mo sì ní kí ẹ rọra. Kí ẹ tó wọlé, ó la ojú kan, ó béèrè bóyá iyùn ti jẹun.

"Ó ti jẹun, bọ̀dá mi," ni mo wí. "Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Ó ní kò tọ́pẹ́, ó sì padà sùn. Ṣùgbọ́n ó tọ́pẹ́. Apá ti ń ro mí wàyí. Ta ló kàn nínú yín? Kí onítọ̀hún gba abẹ̀bẹ̀.