Ọ̀pá Ààbò Tí Wọ́n So

"Ṣé wọ́n ti so ọ̀pá ààbò yẹn kí ẹ̀rọ tó mú ọ̀rẹ́ rẹ lọ́wọ́, àbí wọn ò so ó?"

Òyìnbó tí ìjọba rán wá yẹ ilé-iṣẹ́ wò ló ń bi Abíọ́nà léèrè, kálàmù rẹ̀ ti wà lórí ìwé. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ṣí sílẹ̀ gbayawu, máníjà sì fara ti ògiri níta, ó ń wo bàtà ara rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn.

Ta ló fẹ́ sọ pé òun ò mọ̀? Aṣọ ibùsùn ọsibítù ni wọ́n ń fọ̀ nílé-iṣẹ́ náà ní Woolwich, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọwọ́ èèyàn bá ti sún mọ́ ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ jù, ọ̀pá tó wà lẹ́nu rẹ̀ á gbéra, ẹ̀rọ á sì dúró. Ìdúró yẹn ni máníjà ò fẹ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ya aṣọ kan níṣojú Abíọ́nà, ó fi so ọ̀pá náà pinpin, ó ní, "Come on, darling, iṣẹ́ pọ̀." Nígbà tó fi máa di Wẹ́sìdè, ẹ̀rọ ti gbé ọwọ́ ọ̀tún Kabirat ọ̀rẹ́ rẹ̀ mì dé ọrùn-ọwọ́.

Tíṣà ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń pe Abíọ́nà. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ ọmọ ní ìtàn ní Ìjẹ̀bú-Igbó kó tó wá di ẹni tó ń ṣa aṣọ ẹlẹ́jẹ̀. Ọdún 1989 yẹn ló pé igba ọdún tí àwọn ará Faransé dìde sí ọba wọn, rédíò ò sì sọ nǹkan mìíràn. Bí wọ́n bá jókòó jẹun ọ̀sán, a máa là á yé wọn: bí àwọn tálákà ṣe wó ilé ẹ̀wọ̀n ọba, bí ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń gé àwọn ọmọdé níka, títí ìjọba fi ṣòfin pé kí wọ́n bo ẹnu ẹ̀rọ, tí wọ́n sì yan àwọn tí yóò máa yẹ ilé-iṣẹ́ wò.

"Háà, Auntie!" ni Kabirat wí. "Ìka ni wọ́n fi ra òfin!"

Ọ̀kan nínú àwọn ayẹlé-iṣẹ́-wò ọ̀hún ló jókòó níwájú Tíṣà báyìí. Ṣùgbọ́n fíísà Abíọ́nà ti kú láti ọdún méjì. Káàdì ìṣiṣẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún Oyèbọ́lá, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní aṣọ àyálò kì í yẹ ọmọ èèyàn. Orúkọ àyálò wá ńkọ́? Máníjà mọ̀, ọjọ́ tó gbà á síṣẹ́ ló ti mọ̀. Òun náà ló pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárọ̀ yẹn, tó ní, "Tó o bá rojọ́, wọ́n á ní kó o mú pásípọ́ọ̀tù wá o."

"Kabirat fúnra ẹ̀ ló so ó," ni Abíọ́nà wí.

Irọ́ tó tó irọ́! Ó sì buwọ́ lù ú: R. Oyèbọ́lá. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè, àmọ́ ó buwọ́ lù ú.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Kabirat ní kó wá bá òun ka lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ àwọn abánidójútòfò ilé-iṣẹ́ náà, nílé òun ní Barnfield. Ìka mẹ́rin ni dókítà ti gé. Abíọ́nà ka lẹ́tà náà, kò fo ìlà kan: wọn ò ní san owó gbà-má-bínú, torí ẹlẹ́rìí kan, Oyèbọ́lá, ní Kabirat ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa á.

"Ta ni Oyèbọ́lá? Ọlọ́hun ló máa dá a lẹ́jọ́!" Kabirat bú sẹ́kún. "Auntie, ẹ bá mi fún wọn lésì. Ẹ ní Abíọ́nà wà níbẹ̀, ojú ẹ̀ ló ṣe. Ẹ̀yin ò ní purọ́ mọ́ mi."

Kí ni kó wí? Ó mú kálàmù, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ gangan, orúkọ tí kò tíì kọ sórí ìwé kankan láti ọdún méjì. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn díẹ̀, kí n má parọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Kabirat gbé èsì wá bá a nílé rẹ̀ ní Yarnton Way, ó fi eyín ya àpò lẹ́tà náà. Abíọ́nà kà á. Àwọn ti wo ìwé ilé-iṣẹ́ náà, ni wọ́n wí. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ Abíọ́nà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Wọ́n ti pa fáìlì dé.

Kabirat kì í ṣọmọdé. Ta ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi káàdì oníkáàdì ṣiṣẹ́ ní Woolwich? Ó wo ojú Abíọ́nà, ó wò ó títí. Ó gba lẹ́tà náà, ó fi ọwọ́ òsì rọra ká a sínú báàgì.

"Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, ẹ mọ̀," ló wí. "Ẹ bá mi bẹ máníjà yín. Mo lè fi ọwọ́ kan ká tówẹ̀lì. Ó ń gbọ́ tiyín."