Àmì Ara Ọ̀gànwó

Bí Màsúdát bá ti fura sí ọ, ó parí. Bí o kí i, ó ní o ń wá nǹkan gbà lọ́wọ́ òun; bí o ò kí i, ó ní ẹ̀rí ọkàn ló ń dà ọ́ láàmú. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, Bàṣírù, ẹ̀gbọ́n ọkọ náà, ló ń ṣọ́ jù ní abúlé Ìdí-Ayùn.

Àwọn agégẹdú ló tẹ abúlé náà dó sétí odò Asà. Igbó ti tán báyìí, ó ku igi ọ̀gànwó ńlá kan tó ṣíji bo etí odò. Abẹ́ rẹ̀ ni Màsúdát ti ń dín ẹja. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ará GRA á kó ọmọ sínú mọ́tò wá láti Ìlọrin, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á jókòó sábẹ́ òjìji náà, wọ́n á jẹ ẹja. Ohun tí Màsúdát fi ń tọ́ Sadiya, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kò ju ìyẹn lọ.

Lọ́sẹ̀ kan, ọkùnrin méjì gbé lọ́rì wá. Màsúdát rí wọn pẹ̀lú Bàṣírù nídìí igi náà, tí Bàṣírù ń nawọ́ sí ẹ̀ka rẹ̀. Bó ti sún mọ́ wọn, wọ́n panu mọ́.

“Bàbá Ìyábọ̀, ṣé ẹ ò ní nǹkan tí ẹ fẹ́ bá mi sọ?” ó bi Bàṣírù.

“Kò sí nǹkan, Ìyá Sadiya. Lọ máa dín ẹja rẹ.”

Kò sí nǹkan kẹ̀? Kí ló wá ń wá lọ́dọ̀ onílọ́rì?

Lọ́jọ́ kejì, àmì aáké Bàṣírù ti wà lára igi náà. Ní Ìdí-Ayùn, ẹni tó bá fi aáké sàmì sí igi ló ni ín. Agégẹdú mìíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Gbogbo igi tí Màsúdát sì ti rí irú àmì bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀, orí lọ́rì ló bá lọ. Ó dá a lójú pé Bàṣírù ti ta òjìji mọ́ òun àti ọmọ òun lórí. Inú bí i débi pé kò lè jẹun.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbá, ó mú àdá, ó fá àmì náà dànù, ó sì fi ẹrẹ̀ odò rẹ́ ojú ibẹ̀. Kí Bàṣírù lọ sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé igi ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Nínú mọ́tò tó gbé e lọ ọjà Ipata ní Ìlọrin láti ra òróró, ṣe ló ń dá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó padà dé, ọ̀gànwó ti wà nílẹ̀. Àwọn ọkùnrin abúlé ṣì wà ní mọ́sálásí, àwọn onílọ́rì méjèèjì sì ń gé ẹ̀ka.

“Ta ló ní kí ẹ gé e?”

“Màmá, Baálẹ̀ ló ní ká gé igi tí kò bá lámì,” ni ọ̀kan wí. “Bàbá kan ló ti ń dí wa lọ́nà lórí èyí. A dé lónìí, kò sí àmì kankan lára rẹ̀.”

Bàṣírù ti mọ́sálásí dé, ó sáré gbá ọkùnrin náà lọ́rùn ẹ̀wù mú.

“Olè ni yín! Ẹ̀yin lẹ pa àmì mi rẹ́.”

Ọkùnrin náà ń fi Ọlọ́run búra. Àwọn èèyàn ń pé jọ, wọ́n ti ń wá igi tí wọ́n á fi lù ú. Kò sẹ́ni tó rí Màsúdát láàárọ̀. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á.

“Bàbá Ìyábọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo fá a. Mo rò pé ẹ fẹ́ tà á ni.”

Ọwọ́ Bàṣírù wálẹ̀.

“Mo sàmì sí i kí wọ́n má baà rí i gé. Ìwọ àti Sadiya ni mo ṣe é fún.”

“Ẹ ò sọ fún mi.”

“Bí mo bá sọ, ṣé wàá gbà mí gbọ́?”

Kò ní gbà á gbọ́, Màsúdát náà mọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó dáná bó ti máa ń ṣe. Mọ́tò àkọ́kọ́ dé láti GRA. Awakọ̀ sọ gíláàsì kalẹ̀, ó wo oòrùn tó kún etí odò, ó sì yí mọ́tò padà sí Ìlọrin.